Ohun Tí Ojú Rí Lẹ́yìn Aṣọ Ìkélé

Ẹni tó bá ti ra aṣọ rí lọ́jà mọ̀ pé aláṣọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí oníbàárà lọ láìgba àdúrà. Bí a bá ti ká aṣọ tán, tí a gba owó, àdúrà ló kàn: "Ẹ ó lò ó gbó o. Ẹ ó tún ra òmíràn." Ó ti mọ́ mi lẹ́nu débi pé bí ẹnìkan bá fọwọ́ kan aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mo ń sùn, mo lè ṣe é lójú oorun. Nítorí náà, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dá dúró ní ìsọ̀ tèmi ní Jankara, tí obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń ta ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn wá ra aṣọ funfun lọ́wọ́ mi, mo wọ̀n ọ́n, mo gé e, mo ká a, mo gba owó, mo sì ṣe àdúrà mi.

Mo ní, "Ìyá, ẹ ó lò ó gbó o. Láìpẹ́ ẹ ó tún padà wá ra òmíràn."

Gbogbo àwọn aláṣọ tó wà nítòsí yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi ní ìhà. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Obìnrin ọlọ́ṣẹ yẹn wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú mi.

Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó máa lo èyí kò lè lò ó gbó mọ́. Ilẹ̀ ló máa bá a lò ó. Ṣùgbọ́n tọkàntọkàn lo fi ṣe é, nítorí náà, àmín."

Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ìsọ̀ mi mú. Nígbà tó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ti pé kí n padà wá yẹn nìkan ni kí o yọ kúrò."

Bí mo ṣe mọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ nìyẹn. Ìgbà náà, ogun ti parí, ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún, gbogbo wa ní Èkó sì ń wo apá òdì kí a tó sọdá títì. Sàlámọ́tù ni orúkọ mi. Ìjẹ̀bú ni bàbá mi ti wá, Lafiaji ni wọ́n bí mi sí. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ìyá mi ní ẹni tó bá mọ ṣẹ́ǹjì kà ti kàwé tán. Ohun tí Ọlọ́run fún mi dípò ìwé ni ẹnu. Kò sí ẹni tó ń ta nǹkan ní ìlà wa tí mi ò fún lórúkọ, àwọn mìíràn sì ń jẹ́ orúkọ náà títí wọ́n fi kúrò lọ́jà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa aṣọ funfun. Àwọn kan ń rà á fún ìyàwó, àwọn kan fún ọmọ tuntun, àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ń rà á. Ti òkú ló yàtọ̀. Wọn kì í rán an, wọn kì í fi ìlẹ̀kẹ̀ tàbí bọ́tìnnì sí i. Ti obìnrin ju ti ọkùnrin lọ: ìró kan, ẹ̀wù tí kò lápá, ìborí, àti méjì gbọ̀ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń wé gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá wá rà á kì í ná an púpọ̀, kì í sì í wo ojú aláṣọ. Bí ẹ bá rí ẹni tó ra aṣọ funfun láìná an, ẹ má bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ kò tíì lọ sí Mẹ́kà, kò sì lọ títí ó fi kú, ṣùgbọ́n àwọn Àlàájà tó lọ tí wọ́n bọ̀ ló máa ń to lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ilé ẹbí ọkọ rẹ̀ ní Ẹnu Ọwá ló ti bẹ̀rẹ̀ àsàlátù, ìyẹn àpéjọ àdúrà àwọn obìnrin ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní nǹkan tó mú òun bẹ̀rẹ̀ ni pé obìnrin kan tí wọ́n jọ ń tajà ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, òun sì gbọ́ pé orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ń kà ní ibi tó yẹ kó ka Fátíhà. Obìnrin náà kò mọ gbólóhùn kan nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mọ̀ ọ́n, wọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí wọ́n ń bọ̀, kò sí ẹni tó ronú pé ó yẹ kí wọ́n kọ́ ìyá.

Ọ̀nà tó fi kọ́ wa, ọ̀nà ọjà ni. Ó ní kí n mú aṣọ wá, kí n na án sílẹ̀, kí n fi èédú sàmì sí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá kan, gbólóhùn kan. A ó gbé ẹsẹ̀ lé e, a ó kà á, a ó sún síwájú. Ẹni tó bá ṣì í kà, á padà sẹ́yìn. Àwọn ìyá arúgbó tó ń rojọ́ ẹsẹ̀ dídùn ní ilé ń sáré lórí aṣọ mi bí ọmọdé.

Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ ná an. Ó ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ jẹ́ kí n ka mẹ́ta lónìí, kí n wá san ìyókù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní, "A kì í ta Fátíhà láwìn. Padà sí ọ̀pá kìíní."

Áfáà kan tó ń gbé nítòsí wá bá a nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà. Ó ní, "Ìyá, ta ló ní kí ẹ máa kọ́ àwọn obìnrin ní kéú?"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Ó ní, "Áfáà, ẹ̀yin ni mo ń dúró dè. Mo rí i pé ẹ pẹ́, ni mo bá ní kí n máa gbá ilẹ̀ dè yín."

Kò lè bínú, kò sì lè dúró. Ó lọ.

Yàtọ̀ sí àsàlátù, òun ló ń wẹ àwọn obìnrin tó bá kú ládùúgbò. Ọkùnrin kì í wẹ òkú obìnrin ní ti wa, àfi ọkọ. Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí àdúgbò ni yàrá kan wà tí wọ́n ń kó ẹní yíya sí. Ìyá Ọlọ́ṣẹ bẹ Bàbá Àdínní, àgbà tó jẹ́ olórí àwọn tó ń bójú tó mọ́ṣáláṣí, pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa wẹ òkú níbẹ̀, kí àwọn sì máa fi ṣe àsàlátù nígbà òjò. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n Bàbá Àdínní sọ ọ́ kedere pé àyálò ni, pé ọjọ́ tí òun bá béèrè kọ́kọ́rọ́, òun kò fẹ́ gbọ́ àlàyé. Àwọn obìnrin gbá a, wọ́n kun ún ní ẹfun, wọ́n ta aṣọ ìkélé sí i, wọ́n gbé àmù omi wọlé. Láàárín oṣù díẹ̀, ibi tí ẹní yíya ń sùn ti di ibi tí obìnrin ń gbé ẹjọ́ ọkọ wá, tí opó ń wá jókòó, tí aboyún ń wá gba àdúrà. Kò sí ẹni tó kéde rẹ̀. Wọ́n kàn ń wá.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ẹni tó máa ń bá a wẹ òkú ń ṣàìsàn. Ìyá Ọlọ́ṣẹ wá sí ìsọ̀ mi wá ra aṣọ bó ṣe máa ń ṣe. Mo ká a fún un. Ó ní, "Gbé e, kí ìwọ náà máa tẹ̀lé e."

Mo ní, "Ìyá, èmi? Ẹ̀rín ló máa pa mí níbẹ̀ tí ẹ̀rù bá bà mí."

Ó ní, "Òkú kò kọ ẹ̀rín. Ẹ̀sín ni wọn ò fẹ́."

Mo retí pé màá rí ohun ẹ̀rù. Ohun tí mo rí ni obìnrin kan tó ń ki ọwọ́ bọ omi, tó ń kán an sí ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ wẹ ọmọ ọwọ́, kó má baà gbóná jù. Ó bá òkú sọ̀rọ̀. "Ìyá, àwa la dé o. Ẹ má bínú, a fẹ́ yí yín sí apá òsì." A bo ìhòòhò rẹ̀, abẹ́ aṣọ ni ọwọ́ wa ń gbà, ọwọ́ náà sì wé nínú àkísà kí ara má baà kan ara. Apá ọ̀tún ló ń ṣáájú. Kánfọ̀ ni ó wọ inú omi ìkẹyìn. Irun rẹ̀, a dì í ní ìdì mẹ́ta, a dà á sẹ́yìn. Ibi irun dídì ni ara mi ti balẹ̀. Mo ti di irun rí, ṣé ẹ rí i. Mo mọ ibi tí mo wà.

Nígbà tí a ṣe tán, Ìyá Ọlọ́ṣẹ mú mi dé ẹnu ilẹ̀kùn. Omi tí a fi wẹ̀ ẹ́ ń ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ sí kòtò.

Ó ní, "Ṣé o rí ohun tó ń jáde yẹn? Omi ni. Omi nìkan ló gbọ́dọ̀ jáde níbí."

Mo ní, "Ìyá, bí mo bá rí ohun tó burú, mo gbọ́, màá gbé e mì. Bí ó bá jẹ́ ohun tó dára ńkọ́? Bí ojú òkú bá ń dán bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín?"

Ó ní, "Bí o bá sọ ti ẹni tí ojú rẹ̀ ń dán, ẹni tí o bá dákẹ́ nípa tirẹ̀, kí ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa rò?"

Mo rò ó títí mo fi dé Lafiaji. Èmi, tí mo máa ń ta ọ̀rọ̀ kí n tó ta aṣọ.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ Ìyá Kúbúrà. Òun ló ń ta léèsì ní ìsọ̀ tó kọjú sí tèmi. Obìnrin tó dúró gbọn-in ni, gèlè rẹ̀ kì í wọ́, mo sì ti sọ ọ́ ní Páálí Léèsì. Òun náà kò fi mí sílẹ̀. Bí oníbàárà bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi láti ra aṣọ ìkómọ, á gbé ohùn sókè: "Ẹ kú ọjà o, aláṣọ òkú." Oníbàárà á yí padà. A kò kí ara wa mọ́, ọjà sì ń fi wá ṣeré.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Kúbúrà ṣubú ní ẹnu ìsọ̀ rẹ̀, kò dìde. Kúbúrà, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, wá bá Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ìyá Ọlọ́ṣẹ wá bá mi.

Mo ní, "Ìyá, màá fi aṣọ ránṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé èmi àti òun kì í kí ara wa."

Ó ní, "Ẹ kì í kí ara yín, bẹ́ẹ̀ ni. Kò ní dá ọ lóhùn lónìí, ìjà kò lè sí."

Mo tẹ̀lé e. Àwa méjì péré la wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ẹni tó ń fún wa lómi dúró níta, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń wọlé. Mo di irun Ìyá Kúbúrà ní ìdì mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń bú gèlè yẹn, mi ò mọ̀ pé irun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti funfun tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó, mo ti sọ ju bó ṣe yẹ lọ. Irun nìkan lẹ ó gbọ́, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a sin ín tí ọ̀rọ̀ fi gba Jankara kan. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n bọ́ aṣọ lára Ìyá Kúbúrà, ìgbàdí ni wọ́n bá nídìí rẹ̀, oògùn tí wọ́n so mọ́ ìbàdí, pé òun ló fi ń ta léèsì. Ọ̀rọ̀ náà ń gba ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń sanra bó ṣe ń lọ. Ó dé etí Kúbúrà. Kúbúrà gbé e lọ bá Bàbá Àdínní.

Wọ́n pè wá lẹ́yìn ìrun Àsárì. Àwọn àgbà jókòó lórí ẹní, Lẹ́mọ́mù láàárín wọn. Àwa obìnrin jókòó lápá kejì, gbogbo àsàlátù ló wá.

Bàbá Àdínní ní, "A yá yín ní yàrá nítorí pé ẹ ní ẹ lè bo àṣírí. Bó bá jẹ́ pé inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, mo gba kọ́kọ́rọ́ mi lónìí. A ó wá àwọn mìíràn tí yóò máa wẹ òkú. Àsàlátù náà á sì dáwọ́ dúró, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí, àdúrà kò rí ibi jókòó."

Kúbúrà ní, "Ènìyàn méjì ló wà níbẹ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni ọ̀kan, mo mọ̀ wọ́n láti kékeré."

Kò dárúkọ ẹnì kejì. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

Bàbá Àdínní ní, "Sàlámọ́tù, kò sí ẹni tí kò mọ ẹnu rẹ. Ìwọ lo sọ ọ́?"

Mo ní, "Èmi kọ́, Bàbá."

"Ó dáa. Ṣé ìgbàdí wà níbẹ̀, àbí kò sí?"

Ìyẹn ni mi ò rò tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mi ò ní sọ."

"O ò ní sọ pé ó wà?"

"Mi ò ní sọ pé ó wà, mi ò ní sọ pé kò sí."

Ẹnìkan láàárín wọn ní, "Ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn."

Lẹ́mọ́mù, èèyàn jẹ́jẹ́, tẹ̀ síwájú. Ó ní, "Ọmọ mi, bí kò bá sí, sọ pé kò sí. Kí òkú lè sinmi, kí ẹ̀yin náà lè máa lo yàrá yín."

Mo wo Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Tẹ̀súbáà rẹ̀ ló ń kà, kò gbójú sókè. Mo mọ̀ pé kò ní gbà mí.

Mo ní, "Lẹ́mọ́mù, bí mo bá sọ pé kò sí lára ẹni yìí lónìí, lọ́la wọ́n á bi mí nípa ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí mo bá dákẹ́ nípa ẹni yẹn, wọ́n á ní ó wà nìyẹn. Ìdákẹ́ tí à ń tà nínú yàrá yẹn, iye kan náà ni fún gbogbo èèyàn. Kò sí ìná níbẹ̀. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ níyàwó, ẹ lọ́mọbìnrin. Bí mo bá dín in kù fún ti Ìyá Kúbúrà, ti ta ni mi ò ní dín kù?"

Bàbá Àdínní na ọwọ́ rẹ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ tú etí ìró rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ síta, ó kúnlẹ̀, ó gbé e sórí ẹní níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ohun tí Sàlámọ́tù sọ, òun náà ni tèmi." Mo gbọ́ tí obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́yìn mi. Mo ronú pé gbogbo ẹfun tí a fi kun ògiri yẹn, gbogbo àwọn arúgbó tó ń sáré lórí aṣọ mi, ẹnu mi ló ba tiwọn jẹ́, ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo pa á dé.

Kúbúrà ní, "Bàbá, ẹ dúró ná."

Ó ti dìde. Kì í ṣe ojú ìjà ló fi ń wò mí mọ́. Ó ní, "Obìnrin yìí àti ìyá mi kì í ṣe ọ̀rẹ́. Gbogbo Jankara ló mọ̀. Bó bá fẹ́ fi ìyá mi ṣẹ̀sín, òní ni ì bá ṣe é, ojú gbogbo yín sì ni. Bó bá sì fẹ́ gba ara rẹ̀ sílẹ̀, kó ní kò sí, ó tán. Kò mú ìkan kan nínú méjèèjì. Ẹni tí kò lè sọ ọ́ láti fi gba yàrá, kò lè sọ ọ́ fún àwọn aláta." Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bí ọjọ́ tèmi bá dé, òun ni kí ẹ pè kó wá wẹ̀ mí."

Mo gbìyànjú láti dákẹ́. Ọlọ́run mọ̀ pé mo gbìyànjú. Mo ní, "Kí ó pẹ́ o, Kúbúrà. Ọjà tìrẹ kò kánjú."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Lẹ́mọ́mù kó tó fi ọwọ́ bò ó. Bàbá Àdínní wúkọ́ pẹ́, ó ti kọ́kọ́rọ́ padà sọ́dọ̀ Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Kò sọ pé ó di tiwa. Ṣùgbọ́n kò béèrè rẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ ìgbàdí sílẹ̀, a kò mọ̀ ọ́n títí dòní. Ọjà kì í béèrè ẹlẹ́rìí kó tó tan ìròyìn.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá pè wá láti àwọn àdúgbò mìíràn, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́, àwọn ará Ìjẹ̀bú, àwọn ọmọ onílé. Ìyá Ọlọ́ṣẹ kọ́ àwọn obìnrin wọn ní ìwẹ̀ òkú, àwọn yẹn sì bẹ̀rẹ̀ àsàlátù tiwọn nílé. Nígbà tó fi pé ọdún díẹ̀ tí pọ́n-ùn ti di náírà, a ti pọ̀ ju ohun tí ẹ̀yìnkùlé Ẹnu Ọwá lè gbà lọ. Àwọn àgbà ní àwọn fẹ́ fi í jẹ Ìyá Àdínní. Ó ní oyè ń fẹ́ aṣọ, aṣọ ń fẹ́ owó, kí wọ́n kúkú fa ẹ̀rọ omi dé yàrá fún òun. Wọ́n fa ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ni oyè rẹ̀.

Kí àwọn sójà tó gbé ìjọba fún alágbádá, ó wá sí ìsọ̀ mi ní ọ̀sán kan, ó ti rù. Ó ní kí n wọn aṣọ funfun fún òun. Mo béèrè ẹni tó kú.

Ó ní, "Kò tíì kú. Ó ṣáà fẹ́ yan aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀."

Mo wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi àlùmọ́gàjí gé e, mo ká a, mo nà á sí i. Kò gbà á.

Ó ní, "Àdúrà mi dà?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ ó lò ó gbó o."

Ó ní, "Àmín. Ti pé kí n padà wá yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Mo ti yọ ọ́ kúrò."

Ó rẹ́rìn-ín, ó di òpó ìsọ̀ mi mú bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, òpó ló ń gbé e ró.

Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Mo kán omi sí ọrùn ọwọ́ mi. Mo ní, "Ìyá, èmi ni o, ẹ má bínú." Mo di irun rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí aṣọ ìkélé jáde, àwọn obìnrin kún ojúde mọ́ṣáláṣí dé títì, àwọn tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ kọ́ ní Fátíhà lórí aṣọ mi, àwọn tí àwọn yẹn kọ́, Kúbúrà níwájú.

Kúbúrà di apá mi mú. Ó ní, "Sàlámọ́tù, ẹ̀ẹ̀kan yìí péré. Ìyá wa ni. Báwo ni ojú wọn ṣe rí?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Mi ò parọ́ fún yín, ó dé ètè.

Mo na ìka sí abẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí omi ti ń ṣàn jáde.